Òdòdó Tí Ọ̀pẹ Pọ̀n

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Okokomaiko ní Èkó, korobá ni àwọn aládùúgbò mi kọ́kọ́ máa ń gbé. Wọn á máa gbọ́n omi kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọn á tẹ́ pátákó àti àpò iyanrìn sí ibi tí wọn yóò máa gbà jáde. Èmi, bàtà rọ́bà mi ni mo máa ń wá. Ní ọjọ́ kejì òjò náà, kí oòrùn tó mú, màá ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ sí ọ̀nà Igbó Elérin, igi gígùn kan lọ́wọ́ mi nítorí ejò, awò tó ń mú ohun òkèèrè sún mọ́ni lọ́rùn mi.

Orúkọ Igbó Elérin ṣì ń pe erin. Ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù ni ojú ń rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn kọjá ibi tí ọ̀dà títì parí sí, tí ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà àbàtà, ọ̀pẹ ṣì wà, ògùrọ̀ ṣì wà. Òdòdó ni mo máa ń wá lára wọn.

Àwọn òyìnbó ń pè é ní orchid. Àwa tí a kọ́ orúkọ rẹ̀ ní ilé ìwé ń pè é ní ọ́kíìdì. Bí ẹ bá ti wọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá tàbí gbọ̀ngán ìgbéyàwó olówó rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí èyí tí wọ́n gbìn sínú ìkòkò, funfun tàbí aláwọ̀ àlùkò, tí igi rẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn lékeléke. Owó gọbọi ni wọ́n ń tà á. Èyí tí mò ń sọ kì í ṣe ti inú ìkòkò. Tiwa ni. Ó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó Èkó, ẹnikẹ́ni kò bomi rin ín.

Ní ilẹ̀ òyìnbó, ìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń jáde lọ wá a nínú pápá. Ẹ̀rùn àti òjò ni àwa ní. Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ń lọ sílé títí di oṣù karùn-ún, ìgbà tèmi nìyẹn.

Mo ní ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fi ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn kọ́ wọn ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa òdòdó yìí. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́bàá ògiri ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni nígbà náà. Nínú oṣù kìíní ọdún kan, tí ọyẹ́ ti fa ètè gbogbo wa ya, ẹ̀ka òdòdó kan yọ láàárín ìdí imọ̀ gbígbẹ tó wà lára ọ̀pẹ náà. Kò ní ewé kankan. Òdòdó wẹ́wẹ́ ló tò sára ẹ̀ka náà, àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀gbẹ́ wọn pọ́n bí obì tí a bù sílẹ̀ tó ti ṣá. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi nàka sí i: “Mà, kí ni yẹn?” Mo dá a lóhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì pé àfòmọ́ ni, pé ó ń mu omi ara ọ̀pẹ, pé bí a bá fi í sílẹ̀, á pa á. Ọ̀gá ọgbà gbọ́ mi. Ó gbé àkàsọ̀, ó fi àdá họ ọ́ dànù. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo rí ìwé Segerback tó ń jẹ́ Orchids of Nigeria ní yàrá ìkàwé kan. Ọdún 1983 ni ó jáde, ọdún kan náà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ níbí. Mo ṣí i, mo rí àwòrán ohun tí mo ní kí wọ́n họ dànù, mo sì jókòó sójú kan fún ìgbà pípẹ́. Ojú ọmọbìnrin yẹn ni mo ń rí.

Kì í ṣe pé àfòmọ́ gidi kò sí o. Ẹ lọ sí ìdí obì, ọsàn tàbí kòkó, ẹ ó rí i lórí ẹ̀ka, ewé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti igi tó gbé e. Ẹyẹ ló ń gbé e kiri. Èso rẹ̀ lẹ̀ bí àtè. Bí ẹyẹ bá jẹ ẹ́ tó sì nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka, kóró á lẹ̀ mọ́bẹ̀, á hù, á sì ti gbòǹgbò bọ inú èèpo igi títí tí yóò fi dé ibi tí omi igi ń gbà. Omi tí igi fẹ́ fi tọ́ ewé tirẹ̀ ni òun náà ń mu. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀ka á gbẹ. Àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ ń tà á lọ́jà, wọ́n á sì bi yín bóyá àfòmọ́ orógbó lẹ fẹ́ tàbí ti obì, nítorí lójú tiwọn, igi tó mu lára rẹ̀ ló fún un lágbára.

Ọ́kíìdì kò ti ẹnu bọ ara ọ̀pẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ kàn di èèpo mú lóde ni, bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ọ̀pẹ pọ̀n ọ́n ni. Ọmọ tó wà lẹ́yìn kì í jẹ ẹ̀yìn tó pọ̀n ọ́n, gíga tó gbé e sí nìkan ló ń bá a jẹ: ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí ewúrẹ́ kò lè dé.

Kí ló wá ń jẹ? Èyí ni ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó pọ̀ jù lára ọ̀pẹ ní agbègbè wa ni Graphorkis lurida. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Òun ni ẹni tó wà ní Ghana tàbí Cameroon yóò gbọ́ tí yóò fi mọ̀ pé ohun kan náà la jọ ń sọ, nítorí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Ìdí rẹ̀ wú bí àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ tí a tò pọ̀, ilà tẹ̀ lé ilà lára wọn, ibẹ̀ ló ń fi omi pamọ́ sí de ẹ̀rùn. Oríṣi gbòǹgbò méjì ló ní. Àwọn kan di ọ̀pẹ mú. Àwọn yòókù kọjú sókè, wọ́n ṣe ṣónṣó bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀, wọ́n pọ̀ débi pé bí ẹ bá wò ó láti ìsàlẹ̀, ìtẹ́ ẹyẹ lẹ máa pè é. Nínú ẹ̀gún yẹn ni ewé gbígbẹ ń há sí, àti ìdọ̀tí òdòdó ọ̀pẹ, ìgbẹ́ aláǹgbá, eruku títì pàápàá. Gbogbo rẹ̀ á jẹrà níbẹ̀. Ààtàn kékeré tirẹ̀ ló dá sókè yẹn, ara ààtàn náà ló ti ń jẹun. Gbòǹgbò rẹ̀ sì ní ìbora funfun kan tó rí bí tìmùtìmù, tó ń fa omi òjò mu kó tó ṣàn lọ. Nígbà tó bá gbẹ, ó funfun. Bí omi bá kàn án, á di aláwọ̀ ewé lójú yín. Mo ti fi ìka mi tó lómi kàn án wò láìmọye ìgbà, kò tíì sú mi.

Ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń wá a kò ka ìwé kankan. Bàbá Ègùn kan ni, tó ń dẹ́mu ní ìhà àbàtà yẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá a pàdé, tí mo sọ ohun tí mò ń wá fún un, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ìyá Tíṣà, ilé èèrà yẹn ni ẹ ń wá?” Òótọ́ ló sọ. Èèrà fẹ́ràn láti tẹ̀dó sínú gbòǹgbò rẹ̀, ẹni tó bá sì wà lókè ọ̀pẹ, tí igbà nìkan gbé e dúró, kò ní àyè láti máa gbá èèrà kúrò lára. Ìdí nìyẹn tí àwọn adẹ́mu fi máa ń họ ọ́ dànù. Èèrà ni wọ́n ń bá jà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, bí ó bá rí i, kó gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀pẹ gùn bí ó bá ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa gbìyànjú. Láti ọdún yẹn, òun gan-an ló ń ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ sọ fún Ìyá Tíṣà pé ọmọ wọn ti tú òdòdó.”

Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rèé. Ọ̀pẹ tí wọ́n ti gé ìdí imọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò níbẹ̀. Ọ̀pẹ àgbà ni kí ẹ wá, èyí tí kùkùté imọ̀ àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀, tó sún mọ́ omi. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí oòrùn lè ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí i. Ní oṣù kìíní sí ìkẹta, ẹ wá ẹ̀ka òdòdó tí kò ní ewé. Bí òjò bá ti dé, òdòdó á re, ewé tuntun á yọ gígùn bí ewé àgbàdo kékeré, yóò sì ṣòro fún ojú tí kò mọ̀ ọ́n láti yà á sọ́tọ̀ lára ọ̀mùnú tó kún ara ọ̀pẹ.

Ìgbà òjò yẹn ni àsìkò ti ìkejì, Calyptrochilum christyanum. Ara mángòrò àti obì ni mo ti sábà ń rí òun. Kì í dúró. Ńṣe ló ń rọ̀ wálẹ̀ láti ara ẹ̀ka bí okùn tí a gbàgbé síbẹ̀, ewé rẹ̀ nípọn, ó pín sí ìhà méjì bí ìyẹ́. Imú mi ló kọ́kọ́ rí i. Nínú oṣù kẹrin ọdún kan, mò ń kọjá lábẹ́ mángòrò kan lẹ́yìn ìlú Ìbà, mo gbọ́ òórùn kan tó ń ta sánsán. Mo rò pé ìyàwó ilé kan tó ń fọ aṣọ nítòsí ló da lọ́fínńdà sómi. Mo gbójú sókè. Òdòdó funfun tín-tìn-tín ló tò sábẹ́ ẹ̀ka, ọ̀fun wọn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyá tó ni mángòrò náà ti ń gbé ibẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ó ní òun ń gbọ́ òórùn náà lọ́dọọdún, òun rò pé mángòrò ló ń tú òdòdó bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta kò sí lókè rárá. Ilẹ̀ ni Oeceoclades maculata ń gbé, lábẹ́ ìbòòji, láàárín ewé tó ti bọ́. Ewé rẹ̀ ní àwọ̀ tóótòòtó bíi ti ọ̀já ìkookò, débi pé mo ti gbé ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìfura. Òdòdó rẹ̀ kò tóbi, kò sì pọ́n, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ jìn. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, ó sì ti hù káàkiri òdì kejì òkun báyìí: ó wà ní Brazil, ó wà ní àwọn erékùṣù Caribbean, ó dé Florida. Àwọn onímọ̀ tó wò ó ní Puerto Rico rí i pé kò dúró de kòkòrò kí ó tó so. Bí ẹ̀kán òjò bá lu òdòdó náà, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ á bọ́ sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí, ó di pádi, èso tí kóró wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i ní ìhà ibí, tí Àgbádárìgì, èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú kọjá òkun, kò jìnnà sí wa, mo máa ń dúró tì í díẹ̀.

Pádi náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá la pádi ọ́kíìdì tó gbẹ, ìyẹ̀fun ni ẹ ó bá nínú rẹ̀, ó fúyẹ́ bí àtíkè. Kóró ni gbogbo rẹ̀. Ní ti oríṣi mìíràn, pádi kan ṣoṣo lè ní kóró tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo kóró àgbàdo tàbí ẹ̀wà: oúnjẹ wà nínú rẹ̀ tí ọmọ yóò jẹ kó tó yọ ewé. Kóró ọ́kíìdì kò ní oúnjẹ kankan. Ìyá rẹ̀ tú u sáfẹ́fẹ́ lọ́wọ́ òfo. Kò lè hù àfi tó bá balẹ̀ sí ibi tí olú tín-ín-rín kan wà, irú èyí tí ojú kò rí, tí yóò wọ inú rẹ̀ tí yóò sì máa bọ́ ọ. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Noël Bernard, ló rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí ní 1899. Nínú àwọn kóró tó fò lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń rí alágbàtọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá tẹ̀ lé mi pé èyí tí wọ́n rí lára ọ̀pẹ yẹn ti la ọ̀pọ̀ nǹkan kọjá kó tó dé ibẹ̀.

Ọdún kan wà tí n kì í lè yọ kúrò nínú ìtàn òdòdó yìí: 1841. Ní ọdún yẹn ni ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Albert, Wilberforce àti Soudan, wọ Odò Ọya. Àwa Yorùbá mọ ìrìn-àjò náà nítorí Samuel Àjàyí Crowther, tó bá wọn lọ láti Sierra Leone. A kì í sábà sọ pé àwọn tó ń ṣa ewéko wà níbẹ̀: Theodor Vogel, ọmọ Jámánì, àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ John Ansell. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, Vogel fúnra rẹ̀ kú ní erékùṣù Fernando Po kí ọdún tó parí. Ní erékùṣù yẹn ni Ansell ti rí ọ́kíìdì kan tó ní àwọ̀ ìyeyè, tí àmì tóótòòtó kún ara rẹ̀ bí awọ ẹkùn. Ní 1844, John Lindley sọ ọ́ ní Ansellia africana. Ó wà ní Nàìjíríà náà, ó ń hù lára ọ̀pẹ àti igi ńlá.

Ní 1841 yẹn kan náà, ní erékùṣù Réunion, ọmọ ọdún 12 kan tó jẹ́ ẹrú, Edmond, fi ẹ̀ẹ̀rún igi àti àtàǹpàkò rẹ̀ mú ìyẹ̀fun òdòdó fànílà kan abo inú rẹ̀, fànílà náà sì so. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ́kíìdì ni fànílà, èyí tó wà nínú áísìkiriimu àti kéèkì tí à ń jẹ. Mẹ́síkò ni wọ́n ti gbé e wá, kò sì fẹ́ so ní Réunion àfi ìgbà tí ọmọ yẹn rí ọgbọ́n rẹ̀. Ọgbọ́n náà ni àwọn àgbẹ̀ fànílà ṣì ń lò dòní. Edmond Albius, orúkọ tó jẹ́ nígbà tó gba òmìnira, kú ní tálákà ní 1880. Ansell ní òdòdó tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó máa ń dùn mí.

Ẹni tó bá ka èyí, ó lè máa wù ú láti já ọ̀kan lọ sílé. Ó wu èmi náà rí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi já ọ̀kan, mo gbìn ín sínú ìkòkò, mo fi iyẹ̀pẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìẹ bo gbòǹgbò rẹ̀, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejìlá, ó ti rà. Gbòǹgbò tó ń mí nínú afẹ́fẹ́ ni mo rì mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í já èyí tó bá wà lára igi tó wà láàyè. Òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀: láti 1974 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, gbogbo ọ́kíìdì ló sì wà lára ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ.

Ti igi tó ti wó yàtọ̀. Ilẹ̀ ń wọ́n sí i lójoojúmọ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pẹ ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ kí bíríkì tó dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, wọ́n gé ọ̀pẹ 11 lulẹ̀ lórí ilẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ilé mi. Mo gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì ayùn, mo sáré jáde. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gé e kò ṣe agídí sí mi. Wọ́n ní kí n mú ohun tí mo bá fẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dé wá kó o, pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ní. Mo fi ọ̀bẹ ìdáná gé ìdí imọ̀ mọ́ gbòǹgbò, kí gbòǹgbò má baà ya. Mẹ́rin ni mo rí yọ kí ọkọ̀ tó dé.

Mángòrò tó wà nínú ọgbà wa ni mo fẹ́ so wọ́n mọ́, ní ìhà ibi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ń le jù. Wáyà ni mo ní lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé wáyà á gé gbòǹgbò tuntun. Ìyàwó ilé kejì, tó ti ń wò mí láti ojú fèrèsé, wọlé lọ, ó mú ọ̀já kan jáde. Ó ní ọ̀já tí òun fi pọ̀n ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, pé àbíkẹ́yìn ti wọ ilé ìwé gíga, kò sí ohun tí òun tún ń fi ṣe. A fà á ya sí mẹ́rin. Òun ló dì wọ́n, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ bí a ṣe ń fún ọ̀já tí kò fi ní gba ọmọ lẹ́mìí.

Ọ̀kan kú kí òjò tó tán. Àwọn mẹ́ta yọ gbòǹgbò funfun tuntun, wọ́n ń rìn lọ lára èèpo mángòrò díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún yìí, ọ̀kan nínú wọn tú òdòdó, ẹ̀ka kan ṣoṣo, mo sì pe Bàbá adẹ́mu kó wá wò ó. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo jáde láàárọ̀, mo rí ọ̀já kan nílẹ̀ lábẹ́ igi, ó ti jẹrà, ó já. Mo gbójú sókè. Ohun tó dì mú tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó di ara mángòrò mú fúnra rẹ̀.